Àgbékalẹ̀ Mẹ́ta, Àkójọ Ìwé Kan

                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ti Doña Tránsito,
                                        Barrio Alberdi,
                                        Córdoba,
                                        Argentina.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2022.

Ẹ̀gbọ́n mi Hilaria tí mo fẹ́ràn jù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù, nítorí mo mọ̀ pé ní àsìkò yìí omi inú korobá yín ní Maimará yóò ti máa dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ara le? Ṣé àlàáfíà ni Evaristo ọkọ yín wà, àbí ó ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù yẹn láìsinmi? Orúnkún Mamá ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń dùn ún bí ó bá ń gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Abigail ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn dáadáa? Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, níbi tí ó ti di ìrù ewúrẹ́ mú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó hàn lójú ewúrẹ́ náà pé òun kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Ara èmi náà le. Mo ń jẹun. Ẹ tètè sọ ìyẹn fún Mamá kí ó tó béèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà gùn ni, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ kí ẹ jókòó kà á. Ọmọ Doña Tránsito ń wakọ̀ bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́la, òun ni yóò gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú bisikíìtì alfajor tí mo rà fún Abigail. Bí ẹ bá ń kà á fún Mamá, ẹ fo apá tí mo fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Apá náà nìyí. Ẹ rántí pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo sọ fún yín pé bí ìsinmi oṣù Keje bá ti dé, ń ṣe ni mo máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́, tí n ó sì wá sílé pátápátá. Kì í ṣe pé mo kàn sọ ọ́. Mo ti wo ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa ń gbéra. Ìlú yìí tóbi, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń kọrin, wọn a sì ti fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó kí i. Kò sí ẹni tí kò ní orúkọ ìnagijẹ. Tèmi ni Ọmọ Òkè. Nínú kíláàsì wa, a pọ̀ débi pé mo lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi mí ju "Ṣé ẹnì kan wà níbí?" lọ, aga ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n sì ń béèrè. Wíwò ni mo ń wò wọ́n. Mo mọ olùkọ́ tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ bí kò bá mọ ìdáhùn. Mo mọ àwọn méjì tó ń fẹ́ra wọn tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ lè máa kà á fún Mamá láti ibí lọ.

Ní oṣù Kẹrin, mo rí bébà kan lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa, pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé ní yàrá ìsàlẹ̀. Mo lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tí ó ń da omi gbígbóná sínú igbá tíì mate gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ, ṣé ilẹ̀kùn lo wá wò ni? Wọlé jàre, òtútù ń bá ẹ wọlé." Maricel Oviedo ni orúkọ rẹ̀. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà. Ó gbé igbá náà fún mi kí ó tó béèrè orúkọ mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ní ibi tí mò ń lọ ní Sátidé.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún yín bí Maricel ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ibùdó kan sórí ayélujára, tí kì í ṣe èyí tó kàn dúró bíi pátákó ìpolówó, tó jẹ́ pé o béèrè, ó dáhùn, o forúkọ sílẹ̀, ó rántí rẹ, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí erùpẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n ti gbé òrùlé lé e, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ẹni tó bá rí ibi tó ń jò lè dí i, kí ó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ́ ọ. Àgbékalẹ̀ ni à ń pè é. Tìrẹ ni kí o pín yàrá inú rẹ̀ bí o ti fẹ́.

Àgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Mẹ́ta ni wọ́n ń jà lé lórí ní yàrá ìsàlẹ̀: Django, tí wọ́n ń fi èdè Python kọ, Laravel, tí wọ́n ń fi PHP kọ, àti Rails, tí wọ́n ń fi Ruby kọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn dà yín láàmú. Ẹ kàn fi ojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wò wọ́n. Bí àwọn ará Córdoba ṣe ń bára wọn jà lórí Talleres àti Belgrano, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wọ̀nyí ṣe ń jà. Àmì tirẹ̀ ni oníkálukú lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kò jẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn nítorí àmì ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tó délẹ̀ ni ti àwọn ilé ìkàwé àdúgbò, irú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pọ̀ ní ìlú yìí, oníkálukú sì ní káàdì tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwé kan lè wọ bọ́ọ̀sì láti àdúgbò dé àdúgbò kí ó tó rí i. Wọ́n wá fẹ́ àkójọ kan ṣoṣo tí ènìyàn lè ti ilé rẹ̀ wò, kí ó rí ilé ìkàwé tí ìwé náà wà, kí ó sì ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún òun. Doña Ofelia, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣojú gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí kì í bọ́ fìlà òwú rẹ̀ nínú ilé.

Kí ìjà lè parí, ẹgbẹ́ pinnu pé kí àwọn olólùfẹ́ àgbékalẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kékeré kan náà: ojú ewé tó ń to àwọn ìwé ilé ìkàwé kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àpérò fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, kí wọ́n sì dìbò. Olórí àwọn tó bá wọlé ni yóò dárúkọ àwọn tí wọn yóò jọ ṣe iṣẹ́ náà parí. Ó di ọdún tó ń bọ̀ fún ẹni tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀.

Ṣé ẹ rí ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀? Àwa Django kò ju Maricel àti èmi lọ. Ẹnì kẹta wa ti rí ọ̀rẹ́bìnrin, a kò rí i mọ́. Àwọn Laravel pọ̀, olórí wọn sì ni Fabricio Bustos tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tero, orúkọ ẹyẹ tó ní ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó máa ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́. Orúkọ náà bá a mu ní ọ̀nà méjèèjì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ó ti dárúkọ àwọn tí yóò mú, ní gbangba, kí ìdìbò tó dé, orúkọ mi kò sì sí níbẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé bí yàrá ìsàlẹ̀ yìí bá tì mọ́ mi, kò sí ohun tí mo tún ń ṣe ní Córdoba.

Nígbà tí a fi ìwé péréte dán an wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣí wàràwàrà. Ní Tọ́sìdeé tó kọjá, tí ìdìbò ku ọ̀tunla, ni Doña Ofelia wá mú fíláàṣì kọ̀ǹpútà kan jáde láti inú páálí awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "orúkọ gbogbo ìwé wa ló wà nínú eléyìí. A fi ọ̀pọ̀ oṣù tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù, kó máa sá lọ sí Chile."

A da àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé náà sínú àká, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, fún àgbékalẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tero ṣí ti wọn: ó ṣí kíá, ó mọ́, ó rẹwà, lẹ́tà rẹ̀ tóbi gbọ̀ngbọ̀n. Ti Rails wọ́ díẹ̀, Danilo olórí wọn sì ń họ irùngbọ̀n rẹ̀. Maricel wá ṣí tiwa. A dúró. A tún dúró. Ojú ewé náà funfun láúláú, kò sí nǹkankan lórí rẹ̀.

"Maricel," Tero ní, "ṣé ẹsẹ̀ ni àwọn ìwé yín fi ń ti Buenos Aires bọ̀ ni?"

"Tero, dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́. Mo kàn ń bi yín ni, bóyá kí a lọ din empanada kí wọ́n tó dé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Maricel ń da omi sí igbá mate nígbà náà, ó sì ń dà á lọ títí omi fi kún, tó ṣàn sórí tábìlì, kò sì mọ̀. Nígbà tí ojú ewé náà wá ṣí, kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Maricel tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Bóyá kí n sọ fún wọn ní Sátidé pé a fi sílẹ̀, kí ojú má tì wá jù báyìí lọ."

Èmi ń wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà nìyẹn. Nígbà tí gbogbo ojú wà lára ojú ewé funfun yẹn, fèrèsé dúdú kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà Maricel, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ ohun tí ó ń ṣe. Ìlà ń sáré kọjá níbẹ̀ lọ réré, ìlà kan náà ni, nọ́ńbà ìdí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Ìbéèrè ni ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ ń lọ sí inú àká lọ béèrè nǹkan. Ó mú orúkọ àwọn ìwé wá. Ó tún padà lọ béèrè pé ta ló kọ ìwé àkọ́kọ́. Ó dé. Ó padà lọ béèrè pé ilé ìkàwé wo ni ìwé náà wà. Ó dé. Ó kan ìwé kejì. Ó dà bí ẹni tí ẹ rán sí ṣọ́ọ̀bù Doña Petrona, tó ra àlùbọ́sà wálé, tó padà lọ ra iyọ̀, tó tún padà lọ ra ata, tó sì ń ké pé ọ̀nà jìn.

Mo tún rí nǹkan kejì. Orúkọ ìwé nìkan ló wà lórí ojú ewé Tero tó rẹwà. Kò sí òǹkọ̀wé níbẹ̀, kò sí ilé ìkàwé. Ẹnì kan nínú wọn ti yọ wọ́n kí ojú ewé lè mọ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, ẹwà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà mọ́, a sì ń fi wọ́n wéra.

N kò sọ ọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ́, nígbà tí gbogbo ilé ń sun oorun ọ̀sán, mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Django ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi sọ fún un pé bí ó bá ń lọ sí àká, kí ó kó òǹkọ̀wé àti ilé ìkàwé bọ̀ ní ìrìn kan náà. Ó wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn fún gbogbo ayé. A kò kàn lò ó ni, torí pé nígbà tí ìwé kò tó nǹkan, a kò rí ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé náà.

Ó ṣí pàá! Òǹkọ̀wé wà, ilé ìkàwé wà, gbogbo rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Nieves!" Doña Tránsito ní láti yàrá rẹ̀. "Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?"

"Kò sí ẹnìkankan, Doña."

"Tí kò bá sí ẹnìkankan, rọra máa rẹ́rìn-ín. Mò ń sùn."

Ibẹ̀ ni mo lè ti dúró. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá sáré tiwa nìkan, kí ni mo fi mọ̀ pé tiwa ló dára jù? Kóòdù gbogbo wa wà níbi kan náà nínú ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni lè mú un. Mo mú ti Laravel, mo dá òǹkọ̀wé àti ilé ìkàwé padà sójú ewé wọn. Ó fà bí ìgbín, bíi tiwa gan-an. Ìwé ìtọ́sọ́nà tiwọn náà ní ọ̀rọ̀ tó ń wo àrùn náà, mo fi sí i, ó sì sáré. Mo ṣe ti Rails, bákan náà ló rí. Ihò kan náà ló wà lọ́nà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí a ó fi dí i sì wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa tí à ń kọ ọ́ ni a kò wo ẹsẹ̀ wa.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo dúró de Maricel lórí àtẹ̀gùn, mo fi hàn án. Ó ní, "Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Èmi kọ́ o."

"Ṣé èmi ni mo rí i ni? Ìwọ lo rí i. Mi ò ní ji ọ̀rọ̀ rẹ sọ, Nieves."

Ẹ mọ bí àpérò ṣe máa ń rí. Ẹni tí kò bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó kò lè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn kò sì lè bá a kọ ọ́. Mo rìn dé iwájú. Ẹfun ìkọ̀wé dá mọ́ mi lọ́wọ́, mo mú òmíràn. Bí mo ṣe kọ Nieves báyìí, Tero ké sókè láti ẹ̀yìn, "Ọmọ Òkè fẹ́ sọ̀rọ̀! Ẹ ti fèrèsé, kí ọ̀rọ̀ náà má baà fò lọ kí a tó gbọ́ ọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, ohùn mi kéré, ẹnì kan ní kí n gbé e sókè. Mo gbé e sókè. Mo ní ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí n óò fi hàn wọ́n ló ní òǹkọ̀wé àti ilé ìkàwé, ohun kan náà ló wà lórí wọn. Mo ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn wọ́. Ti Laravel náà wọ́.

Tero dìde dúró. "Ẹ dúró ná. Ta ló fọwọ́ kan kóòdù wa?"

"Èmi ni," mo ní. "Ó wà ní gbangba."

Ariwo sọ! "Ó mú ẹ, Tero!" "Jókòó, ẹyẹ!" Danilo fi ọwọ́ lu tábìlì títí igbá mate fi ṣubú. Mo dúró kí wọ́n dákẹ́. Mo fi fèrèsé dúdú hàn wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n rí ìlà tó ń sáré. Mo sọ ìtàn ẹni tí wọ́n rán sí ṣọ́ọ̀bù Doña Petrona. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ lójú wọn, mo tún ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pàá, pàá, pàá.

Danilo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí gbogbo wọn bá ń sáré, kí la wá fẹ́ dìbò lé lórí?"

Èyí gan-an ni n kò tíì múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo Doña Ofelia láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní gbogbo ìpàdé ló máa ń béèrè pé, "Bí ẹ bá ti lọ, ta ni yóò máa fi ìwé tuntun sí i?" Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn, torí pé ọ̀rọ̀ eré sísá ni wọ́n ń sọ. Mo wá sọ pé ìbéèrè Doña ni ó yẹ kí a dìbò lé lórí. Mo ní bí a bá ti gbé Django kalẹ̀, yàrá àwọn alábòójútó ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, níbi tí wọ́n lè ti fi ìwé wọlé, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n yọ ọ́, láìkọ ìlà kóòdù kan. Nínú àwọn méjì yòókù, àwa la máa kọ́ ọ fúnra wa, tàbí kí a wá èyí tí ẹlòmíràn kọ́ mọ́ ọn. Mo yí kọ̀ǹpútà mi sí Doña Ofelia, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Doña, ẹ fi ìwé kan wọlé."

Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ ìwé kan, ìwé lórí bí a ṣe ń sin oyin, ó tẹ òǹkọ̀wé, ó yan ilé ìkàwé tirẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ṣì í kọ ńkọ́?" Mo fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ, ó tún un ṣe. Ó wá yíjú sí wọn: "Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ Python yín, mi ò mọ PHP yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní oṣù Kejìlá, àwọn kan nínú yín á gboyè, ẹ ó gba iṣẹ́, ẹ ò ní rántí ojú mi mọ́. Ti eléyìí, mo lè lò ó láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù."

Orúkọ Tero ló tẹ̀lé tèmi lójú pátákó. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ o. Ó ní àwọn tó mọ PHP pọ̀ ní ìlú yìí ju àwọn tó mọ Python lọ, bí nǹkan bá bàjẹ́, kò ní ṣòro láti rí ẹni tí yóò tún un ṣe, ibi tí a sì lè gbé irú rẹ̀ sí kò wọ́n. Mo kọ ọ́ fún yín nítorí pé òótọ́ ni, mo sì mi orí sí i níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá ẹni tí yóò lò ó mu ni à ń wá.

Wọ́n pe ìdìbò. Àwọn tó bá fẹ́ Django, kí wọ́n nawọ́ sókè. Maricel nawọ́, mo nawọ́. Danilo nawọ́, àwọn ọmọ Rails tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Tero nawọ́, ó ń wo Tero lójú bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Òmíràn nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọwọ́ náà ń dìde bí igbó ńlá! Tero wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun nìkan ló kù. Ó na apá gígùn rẹ̀ yẹn sókè. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n, mo máa ń rí i."

Wọ́n ní kí Maricel dárúkọ àwọn tí yóò mú. Ó dìde, ó ní, "Àkọ́kọ́, Nieves Tolaba." Orúkọ mi lódindi. Kò sí ẹni tó tíì pè é bẹ́ẹ̀ nínú yàrá náà rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí, mo kàn ń wo bàtà mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Maricel tún ní, "Ìkejì, Fabricio Bustos, bí ó bá lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́."

"Bí mo bá pa ẹnu mọ́," Tero ní, "ta ni ẹ ó máa rí bá jà?"

Gbogbo wa jọ jáde lọ jẹ lomito, búrẹ́dì ẹlẹ́ran wọn yẹn. Mo sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ títí dé ìdí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi. Mo sọ fún wọn nípa olùkọ́ tó ń nu awò ojú rẹ̀, Danilo sì rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun, torí pé láti ọdún kìíní ni olùkọ́ náà ti ń kọ́ ọ, kò sì kíyè sí i rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ló mú mi jókòó kọ̀wé. Maricel ti fún mi ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà: kóòdù tí ẹnikẹ́ni bá kọ, kò lè wọlé àyàfi bí mo bá kà á tí mo sì gbà á. Mo jí, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé Tero ti fi nǹkan ránṣẹ́, Python àkọ́kọ́ tí yóò kọ láyé rẹ̀, ó sì ń dúró dè mí kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀. Mo dá a padà fún un. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́, mo kí i dáadáa, ṣùgbọ́n mo dá a padà. Ó fèsì pé: "Ó dáa, ọ̀gá mi. Mo ń tún un ṣe."

Ẹ bá mi kí Mamá, ẹ sọ fún un pé kí ó máa fi aṣọ gbígbóná wé orúnkún rẹ̀. Ẹ bá mi kí Evaristo, ẹ ní kí ó máa rọra sáré. Ẹ kí Doña Petrona, kí ó dárí jì mí pé mo lo orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹ fi ẹnu ko Abigail lẹ́nu fún mi, ẹ sì bá mi bẹ ewúrẹ́ náà.

N kò ní lè wá ní oṣù Keje. A fẹ́ kí àwọn ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ìsinmi tó parí, iṣẹ́ sì pọ̀. Ẹ yọ ẹrù mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì náà fún Abigail, ó ti tó ẹni tó ń dá sùn. Ní àsìkò ọdún Carnaval, ní oṣù Kejì, ni ẹ ó rí mi. Nígbà náà, kí ẹ wá ibì kan tẹ́ ẹní sí fún mi, bí ẹ ti máa ń ṣe fún àlejò tí yóò tún padà lọ.

Èmi àbúrò yín tó ń fi ayọ̀ kọ̀wé,

Nieves Tolaba.